Ẹnu Ìyá Onífùkù

N kò fẹ́ràn ìyá ọkọ mi, n kò sì ní í tìtorí pé wọ́n jẹ́ àgbàlagbà kí n wá máa purọ́ ìfẹ́. Ràṣídátù ni orúkọ wọn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ìsọ̀ ẹran Ojú Àgọ́, tó wà láàárín Bódìjà àti Agbowó, tí ẹ sì béèrè Ràṣídátù, wíwò ni àwọn èèyàn yóò máa wò yín. Ìyá Onífùkù ni kí ẹ béèrè. Láti orí Bàbá Alápatà tó jẹ́ olórí ibẹ̀ dé orí àwọn Fúlàní tó ń da màlúù bọ̀ láti òkè, kò sí ẹni tí kò mọ Ìyá Onífùkù. Ẹnu wọn ló sọ wọ́n di olókìkí. N kò ní í sọ̀rọ̀ nípa èébú tó ń ti ẹnu náà jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn náà tó ohun tí èèyàn ń sá fún. Ohun tó ń wọ inú ẹnu náà ni mo fẹ́ sọ.

Fùkù màlúù tí ara rẹ̀ le máa ń rọ̀ bíi tìmùtìmù, àwọ̀ rẹ̀ a sì máa pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n màlúù mìíràn wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá la àyà rẹ̀, fùkù náà á ti le, kókó funfun wẹ́wẹ́ á ti kún inú rẹ̀ bí ẹ̀gúsí tí wọ́n bó sínú àwo. Fùkù ẹlẹ́gùsí ni àwọn alápatà ń pè é, ẹ̀rín ni wọ́n sì fi ń pè é, bí ẹni pé Ọlọ́run ti bá wọn se ọbẹ̀ sínú ẹran náà kó tó kú. Àwa tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn mọ̀ pé ikọ́ ife ni, irú èyí tí màlúù ń ní tó sì ń ran èèyàn. Ohun tí òfin wí ni pé bí wolé-wolé ẹran bá ti rí i, kí ó gé e sọ́tọ̀, kí ó da kẹrosíìnì lé e lórí, kí wọ́n sì sun ún.

Òfin yìí ló ń dá ìjà sílẹ̀ ní Ojú Àgọ́ lójoojúmọ́ ayé. Kì í ṣe fùkù nìkan ni alápatà ń bẹ̀rù àtipàdánù. Bí àwọn oníbàárà bá ti rí wolé-wolé pẹ̀lú ike kẹrosíìnì rẹ̀, wọn kì í ra itan mọ́, wọn kì í ra igẹ̀, wọ́n á ní odindi màlúù náà ló lárùn, wọ́n á sì kọjá lọ sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. Ìgbà náà ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pe ìyá ọkọ mi. Màmá á so ìró wọn le, wọ́n á rọra máa bọ̀ bí ẹni tí wọ́n pè síbi ìkómọ. Wọ́n á gba ọ̀bẹ, wọ́n á gé ibi tí ẹ̀gúsí náà ti pọ̀ jù lára fùkù, tó tó ìka méjì, wọ́n á gbé e sókè kí gbogbo ojú lè rí i. "Bó bá jẹ́ májèlé ni, ẹ ó kí àwọn ọmọ mi kú aráfẹ́rakù." Wọ́n á ní bísímílá, wọ́n á sì jù ú sẹ́nu ní tútù. Wọ́n á máa jẹ ẹ́, wọ́n á máa wo ojú wolé-wolé.

Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, wọn kì í sọ ohunkóhun mọ́. Wọ́n á kàn nu ètè wọn, wọ́n á na ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n á sì padà sí ẹ̀yìn ìsọ̀ wọn. Àwọn oníbàárà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ná ẹran. Mo máa ń rò pé ìgbéraga ni kì í jẹ́ kí wọ́n lanu sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Màmá. Wọ́n tẹ̀ lé ọkọ wọn wá sí Ìbàdàn nígbà tí apá kan Agbowó ṣì jẹ́ oko ọ̀gẹ̀dẹ̀. Alápatà ni ọkọ náà, màlúù kan ló sì fi ìwo gún un pa lọ́jọ́ tí okùn já. Ọmọ mẹ́rin ló fi sílẹ̀. Kí ogójì ọjọ́ tó pé, àwọn alápatà ti ń wá ẹni tí wọ́n máa fún ní ìsọ̀ rẹ̀, wọ́n ní kí opó kó àwọn ọmọ rẹ̀ kó máa lọ sílé. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni wolé-wolé ìgbà náà wá gbẹ́sẹ̀ lé màlúù Bàbá Alápatà. Màmá, tí wọn kò tí ì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, jáde nínú aṣọ opó, wọ́n gé fùkù náà, wọ́n sì jẹ ẹ́ níṣojú gbogbo ọjà. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n gba ìsọ̀ padà, ẹnu ni wọ́n sì fi gbà á. Láti ìgbà náà, ẹ̀dọ̀, ṣàkì àti àbọ̀dí ẹran yòówù tí wọ́n bá fi ẹnu gbà sílẹ̀ ti di tiwọn láti tà. Nínú rẹ̀ ni Ahmed, ọkọ mi, ti jẹun, nínú rẹ̀ náà ló ti kàwé. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí n sọ ọ́. Kò mú mi fẹ́ràn wọn.

Àwọn náà kò fẹ́ràn mi. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni mí, orúkọ mi ń jẹ́ Ọláṣùmbọ̀, Màmá kò sì fi orúkọ náà pè mí rí. "Akọ̀wé Ikọ́" ni wọ́n ń pè mí lójú àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn, nítorí pé ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn oníkọ́ ife ni mo ti ń ṣe akọ̀wé. Èmi ni mò ń kọ orúkọ aláìsàn sínú ìwé ńlá: ọjọ́ orí rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, ojúlé tó ń gbé, ibi tí àrùn náà ti mú un lára. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, mo máa ń ka iye tó wá láti àdúgbò kọ̀ọ̀kan, a ó sì fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ńlá kan ní Dùgbẹ̀. Bí mo bá wá délé tí mo kọ̀ láti jẹ ẹran inú tí wọ́n gbé fún wa, Màmá á ní, "Ẹ má dá a lóhùn. Ó ti ka ikọ́ títí, ikọ́ ti wọ̀ ọ́ lórí."

Kíkà tí mò ń kà á náà ló jẹ́ kí n rí nǹkan. Ní ọdún 1993, àwọn ará Ẹlẹ́yẹlé tó wá sọ́dọ̀ wa láàárín oṣù mẹ́ta jẹ́ mẹ́rin, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n di márùn-ún, lẹ́yìn ìyẹn mẹ́rin. Ẹja ni wọ́n ń jẹ ní tiwọn. Akóbọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ti Apete ń gòkè díẹ̀díẹ̀, nítorí àwọn ọmọ ilé ìwé ń sùn ní mẹ́fà mẹ́fà sínú yàrá kan. Ṣùgbọ́n ti Bódìjà àti Agbowó, mẹ́sàn-án ni, ó di mẹ́rìnlá, ó di mẹ́tàlélógún kí ọdún 1994 tó parí. Ìdajì wọn kò wúkọ́ rárá. Kókó ọrùn ló gbé wọn wá, tàbí ikùn tó ń wú. Bí mo bá wo ibi tí a kọ iṣẹ́ sí, mo máa ń rí alápatà, ẹni tó ń jó ẹran, ìyàwó alápatà, ọmọ alápatà. Mo fi han Dókítà Adégbìtẹ́, obìnrin kúkúrú kan tí kì í rẹ́rìn-ín, tó jẹ́ ọ̀gá wa. Wọ́n kọ lẹ́tà gígùn mọ́ ọn, a fi ránṣẹ́ sí Dùgbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, èsì dé. Wọ́n ní kí a sọ fún àwọn ará Agbowó pé kí wọ́n máa ṣí fèrèsé.

N kò rò pé mo ti bínú tó bẹ́ẹ̀ rí, àfi nígbà tí kókó wú sí ọmọ tèmi lọ́rùn.

Safiyyah ni ọmọ náà, ẹyọ kan ṣoṣo tí mo bí nígbà náà, ó sì ti lé díẹ̀ lọ́mọ ọdún méjì. Nítorí iṣẹ́ mi, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ló máa ń wà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ wọn. Kò tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n Ahmed ní ta ni yóò tọ́jú ọmọ ju ìyá òun lọ. Nínú oṣù kẹta ọdún 1995, mo fọwọ́ kan abẹ́ etí ọmọ náà níbi tí mo ti ń wẹ̀ ẹ́, mo bá nǹkan tó le níbẹ̀. Màmá ní ó sùn lódì ni, wọ́n fi òrí ra á. Kó tó di oṣù kẹrin, kókó kejì ti jáde nísàlẹ̀ àkọ́kọ́, ara ọmọ náà ń gbóná ní ìrọ̀lẹ́, ó sì ń gbẹ. Mo gbé e pọ̀n, mo gbé e lọ síbi iṣẹ́ mi.

Dókítà fa omi nínú kókó náà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n pè mí wọlé. Wọ́n ti ilẹ̀kùn.

"Ikọ́ ife ọrùn ni, Ìyá Safi. Abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ fún oṣù méjì, oògùn títí oṣù mẹ́sàn-án. Ta ló ń wúkọ́ nílé yín?"

Mo ní kò sẹ́ni tó ń wúkọ́. Lẹ́yìn náà mo rántí. Mo ní, "Ìyá ọkọ mi. Ṣùgbọ́n wọ́n ní èéfín táyà ni, táyà tí wọ́n fi ń jó ẹran."

"Ta ló ń fún ọmọ lóúnjẹ?"

Mo ń rí Màmá lójú mi, tí wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, tí Safi wà láàárín ẹsẹ̀ wọn, tí wọ́n ń jẹ ẹran kúnná, tí wọ́n sì ń fi ìka yọ ọ́ láti ẹnu tiwọn sí ẹnu rẹ̀. Ìyá àgbà wo ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Bí ìyá ìyá tèmi ṣe fi ẹran bọ́ mi nìyẹn. Mo ti rí i ní ọgọ́rùn-ún ìgbà, èmi tí mò ń ka ikọ́ Bódìjà àti Agbowó fún odindi ọdún méjì, n kò sì fọkàn sí i.

Dókítà sọ fún mi pé bí ẹni tó kó o ràn án bá ṣì ń wà nítòsí rẹ̀ láìgba ìtọ́jú, agbọ̀n ni mò ń fi pọnmi. Wọ́n fún mi ní ike kékeré tí a fi ń gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀, wọ́n ní kí n mú ìyá náà wá.

Mo délé, mo bá Màmá nílé wa, Ahmed jókòó tì wọ́n. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí.

Màmá ní, "Ogún ọdún ni mo ti ń jẹ fùkù níwájú gbogbo ayé. Bó bá ń pa èèyàn, mi ò bá ti kú kó o tó wá fẹ́ ọmọ mi."

"Màmá, ẹ kàn tu itọ́ sínú ike yìí."

"Kí ẹ lè kọ orúkọ mi sínú ìwé yín? Kí àwọn Ojú Àgọ́ gbọ́ pé Ìyá Onífùkù ń gba oògùn ikọ́? Akọ̀wé Ikọ́, èmi lo fẹ́ kọ kàn báyìí?"

Mo yíjú sí Ahmed. Ó ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Ìyá Safi, ẹran tí Màmá jẹ sẹ́nu wa ló tọ́ àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dàgbà." Mo ní mi ò ní í gbé ọmọ lọ sí ìsọ̀ Màmá mọ́. Ó ní mo lè gbé e lọ síbi tó bá wù mí bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ pé kí ìyá òun má wọ ilé òun, kí wọ́n má gbé ọmọ ọmọ wọn. Nítorí náà, mo ń fún ọmọ ní oògùn láàárọ̀, ìyá rẹ̀ àgbà ń wá gbé e sẹ́sẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń wúkọ́ sí i lójú. Mo kórìíra wọn débi pé bí mo bá gbọ́ ìró bàtà wọn ní ẹnu ọ̀nà, eyín mi á pa pọ̀.

Ọjọ́ Tuesday tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan, mo tọrọ ààyè níbi iṣẹ́, mo fi ike kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà sínú báàgì, mo lọ sí Ojú Àgọ́. Mo ti pinnu pé bí mo bá ní láti wọ́ Màmá nílẹ̀ láti ibẹ̀ dé ilé ìwòsàn, màá wọ́ wọn. N kò ráyè dé ọ̀dọ̀ wọn. Èrò ti pé bo Olúgbádé, wolé-wolé ẹran, tó dúró pẹ̀lú ike kẹrosíìnì rẹ̀ níwájú màlúù mẹ́ta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ọkùnrin tó gbẹ ni Olúgbádé, àpá ọ̀bẹ kan sì wà lápá rẹ̀ tó gbà níbi iṣẹ́ náà.

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni," ló wí. "Ó ti kúrò ní fùkù, ó ti dé ẹ̀dọ̀, ó ti dé ọrùn. Gbogbo rẹ̀ ni mo máa sun lónìí."

Bàbá Alápatà ló ni màlúù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. "Iléyá ku ọjọ́ méje, o fẹ́ sun màlúù mẹ́ta? Ta ló rán ẹ?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Iṣẹ́ mi ni."

"Ẹ pe Ìyá Onífùkù wá fún un."

Àwọn ọmọ iṣẹ́ alápatà bẹ̀rẹ̀ sí í lu ọ̀bẹ mọ́ tábìlì. Màmá jáde láti inú ìsọ̀ wọn. Wọ́n wúkọ́ kí wọ́n tó débẹ̀, wọ́n fi ìborùn bo ẹnu, lẹ́yìn náà wọ́n ṣe bí wọ́n ti máa ń ṣe. Wọ́n gba ọ̀bẹ, wọ́n gé e, wọ́n gbé e sókè. Ìgbà náà ni wọ́n rí mi láàárín èrò. A wo ojú ara wa. Mo rò pé nítorí ọmọ tó wà nílé mi tó ń gba abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́, ọwọ́ wọn máa wá sílẹ̀. Wọ́n ní bísímílá, wọ́n jù ú sẹ́nu, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ń wò mí. Ọjà hó. Ẹnì kan gba ike lọ́wọ́ Olúgbádé, ó da kẹrosíìnì náà sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín títí ó fi bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í ná itan màlúù.

Mo tẹ̀ lé Màmá lọ sẹ́yìn ìsọ̀. Èébú tí n kò bú àgbàlagbà rí ló wà lẹ́nu mi, mo ti tò ó kalẹ̀. Mo ya igun ògiri, mo bá wọn ní ìlóṣòó létí gọ́tà. Wọ́n ti ki ìka bọ ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n ń fa ẹran náà jáde, odindi, èyí tí eyín ti tẹ̀ pẹlẹbẹ ṣùgbọ́n tí kò dín. Wọ́n tu ú sínú gọ́tà. Wọ́n bu omi láti inú kẹ́tùlù, wọ́n fi fọ ẹnu, wọ́n tu ú. Wọ́n tún bu ú lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n tún bu ú lẹ́ẹ̀kẹta.

"Màmá."

Wọn kò tilẹ̀ ta gìrì. Wọ́n nu ẹnu wọn.

"Láti ìgbà wo lẹ ti ń tu ú?"

"Láti ọjọ́ kìíní. Ta ló máa gbé irú èyí mì? Ṣé orí mi dàrú ni?"

Èébú tí mo tò kalẹ̀ kò wúlò mọ́, nítorí aláìmọ̀kan ni mo tò ó fún. Láti ọjọ́ yìí wá, mo ti ń fọkàn sọ pé òpè ni wọ́n, pé wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Gbogbo èèyàn tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé mi, Màmá ti mọ̀ pé ohun tí àwọn kò lè gbé mì ni àwọn ń tà fún wọn.

"Ẹ mọ̀ pé kò dáa."

"Bàbá Ahmed sọ fún mi kó tó kú. Ó ní màlúù tó ń wúkọ́ kì í ṣe jíjẹ." Ohùn wọn kò yí padà. "Ọmọ mẹ́rin ni mo ní. Wọ́n fẹ́ lé mi. Mo ní bí mi ò bá ti gbé e mì, kò lè ṣe mí ní nǹkan kan."

"Ẹnu yẹn náà lẹ fi ń jẹ ẹran fún Safi."

"Mi ò fún un rí láìfọ ẹnu." Wọ́n na kẹ́tùlù sí mi kí n rí i. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń fọ̀ ọ́, bí ẹni fẹ́ kírun. O rí mi nísinsìnyí. Lójoojúmọ́ ni, mi ò fo ọjọ́ kan rí. Lẹ́yìn tó ti mọ́ ni mo fi ń bọ́ ọmọ."

Ohun tó dùn wọ́n jù nínú ayé nìyẹn, ó hàn lójú wọn: pé mo lè rò pé àwọn ń fi ẹnu ẹlẹ́gbin bọ́ ọmọ ọmọ àwọn. Ẹlòmíràn ì bá ṣàánú wọn. Èmi rántí ọrùn ọmọ mi.

Mo fa ike kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yọ nínú báàgì, mo gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

"Èyí tí ẹ bá kọ́kọ́ wú láàárọ̀ ọ̀la, ẹ tu ú sínú rẹ̀. Aago mẹ́jọ, ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Bí wọ́n bá ní ẹ lo oògùn, ẹ ó lò ó. Ẹ ó kúrò ní ìsọ̀ yìí. Ẹ kò ní í fọwọ́ kan oúnjẹ Safi. Bí n kò bá rí yín ní aago mẹ́jọ, màá wá gun orí tábìlì Bàbá Alápatà, màá sọ fún gbogbo wọn pé ẹ kì í gbé e mì."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, mo rí ẹ̀rù lójú Màmá.

"Wọ́n á pa mí, Ọláṣùmbọ̀."

"Mo mọ̀."

Nínú ọjà, àwọn alápatà ń kọrin.

"Bí mo bá wá ńkọ́?"

"Bí ẹ bá wá, ẹnu mi kò ní í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni láéláé."

"Fi orí Safi búra."

Mo fi orí ọmọ mi búra. N kò ronú lé e. Bí wọ́n bá ní kí n fi orí tèmi náà búra ní ìṣẹ́jú yẹn, kíá ni.

Aago mẹ́jọ kò tí ì lù ní Wednesday tí mo fi rí wọn lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n fi ìborùn bo orí àti ojú. Mo kọ orúkọ wọn sílẹ̀ bí mo ti ń kọ ti gbogbo èèyàn. Àrùn náà ti wà ní àyà wọn ó pẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn, wọ́n sì bú mi fún gbogbo oṣù mẹ́sàn-án tí wọ́n fi lò ó, wọ́n ní mo lé àwọn kúrò nídìí iṣẹ́, mo gba ọmọ lẹ́sẹ̀ àwọn. Mo gbà pé mo ṣe é. Kókó ọrùn Safi bẹ́, ó jinná, ó fi àpá kan sílẹ̀ bí orí ìka. Ọmọ náà sanra. Ahmed ra bàtà Iléyá tuntun fún un lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó sì ń sáré kiri nínú rẹ̀. Ohun tí mo jà fún nìyẹn, ó sì tẹ̀ mí lọ́wọ́.

A sọ fún àwọn Ojú Àgọ́ pé ẹsẹ̀ ń dun Màmá, wọ́n fẹ́ sinmi. Wọ́n kí wa kú ìnáwó oògùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹnu mìíràn.

Àbẹ̀ḿbí ni wọ́n rí. Obìnrin yìí ti ń fọ ìfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ Màmá fún bí ọdún mẹ́jọ, ọkọ rẹ̀ ti lọ sí Cotonou kò sì padà, ọmọ mẹ́ta ló fi sí i lọ́wọ́. Kí ó tó gba iṣẹ́ náà, ó wá kí Màmá nílé wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday kan, ó gbé ẹ̀dọ̀ tó dáa wá, ó kúnlẹ̀.

"Ìyá wa, wọ́n ní kí n máa bọ́ sípò yín. Mo ní ẹ̀yin náà lẹ máa kọ́ mi. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí inú kì í fi í rìn yín?"

Màmá wò mí. Mo wo Màmá. Safi jókòó lórí ẹsẹ̀ mi, mo ń di irun rẹ̀, ọwọ́ mi wà lórí orí tí mo fi búra. Mo ronú kan àwọn alápatà àti ọ̀bẹ wọn. Mo ronú kan ìbúra náà. Mo tún ronú, kí n má purọ́, pé ọ̀rọ̀ Ojú Àgọ́ kò kàn mí mọ́.

Màmá ní, "Máa sọ bísímílá kó o tó jẹ ẹ́."

"Ṣé ìyẹn nìkan ni, Ìyá?"

"Ìyẹn nìkan ni."

Àbẹ̀ḿbí dúpẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ èmi náà. Èmi náà dáhùn, mo ní kò tọ́pẹ́.

Ọ̀gìnnìtìn ọdún 1997 ni wọ́n gbé e wá bá wa, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dì í mú lápá. Kò wúkọ́. Ikùn rẹ̀ ló wú bí ti aboyún, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti di igi. Nígbà tó rí mi nídìí tábìlì, ojú rẹ̀ dán, ó dùn mọ́ ọn pé òun bá ẹni tí òun mọ̀.

"Ìyá Safi, ẹ bá mi wò ó o. Bísímílá náà, mi ò gbàgbé ẹ̀ rí. Màmá jẹ ẹ́ fún ogún ọdún kò ṣe wọ́n ní nǹkan. Kí ló dé tí tèmi fi rí báyìí?"

Mo ṣí ìwé náà. Mo bi í ní ojúlé tó ń gbé, ó sọ ọ́ fún mi, mo sì fi ọ̀kan kún ti Agbowó.